Ohùn Ìsàlẹ̀ àti Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Gbé E: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Áńpílífáyà fún Gìtá Oníbáàsì

 

Mo mọ̀ pé ẹnu ti ya àwọn kan nínú yín láti ìgbà tí wọ́n ti rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí lára ògiri. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ pàdé mi lójú ọ̀nà ní ọjọ́ Ajé, ó sì bi mí pé ta ni ó fi mí jẹ ẹnjiníà. Mo dá a lóhùn pé kò sí ẹni tí ó fi mí jẹ ẹ́. Lítíréṣọ̀ alohùn ni iṣẹ́ mi láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn: oríkì, rárà, ìjálá, àti ohun tí ìyáàlù ń fi igi àti awọ sọ. Afẹ́fẹ́ ni ìwé tí a ń kọ lítíréṣọ̀ yìí sí. Lóde òní, ní ibi ìnáwó èyíkéyìí tí ènìyàn bá ti pé ọgọ́rùn-ún, kí ọ̀rọ̀ tó dé etí olùgbọ́, ẹ̀rọ ni ó ń gbà kọjá. Bí ẹ̀rọ bá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lójú ọ̀nà, kò sí ohun tí èmi yóò rí kọ sílẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí tú palẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí n kò ní fi pa mọ́. Ní ọdún 1991, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá oníbáàsì nínú ẹgbẹ́ jùjú kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ta á. N kò mọ̀ ọ́n ta púpọ̀. Méjì nínú àwọn tí wọ́n fara da á nígbà náà jókòó sí ìlà iwájú yìí, wọ́n lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbé áńpù lọ, èmi ni mo ń gbé e bọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì kọ́ mi ní ohun púpọ̀ tí gìtá kò kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi wá síwájú yín gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, mo lọ sí ìlú kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òkú àgbà. Baba onílù kan wà níbẹ̀, ọmọ Àyàn pọ́ńbélé, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Gbogbo agbègbè náà ni ó mọ̀ pé òun nìkan ni ó kù tí ó lè fi ìyáàlù ki oríkì orílẹ̀ ilé olóòkú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Àwọn ọmọ olóòkú ti gba ẹgbẹ́ olórin kan láti ìlú ńlá, wọ́n sì ní kí Baba bọ́ sí àárín wọn kí ó lù. Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi sí iwájú, mo tẹ̀ ẹ́, inú mi ń dùn. Baba lù fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn ìyá arúgbó ń sunkún, wọ́n ń náwó fún un. Mo rò pé mo ti rí iṣẹ́ ọdún méjì mú lọ sílé.

Nígbà tí mo délé tí mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀rọ, báàsì ni mo gbọ́. Áńpù tí wọ́n fi ń gbé báàsì kéré jù fún gbangba tí wọ́n gbé e sí. Ọmọkùnrin tí ó ń ta á ti yí i dé òpin kí ó lè gbọ́ ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń fa àpótí igi lórí kọnkéré. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìyáàlù Baba wà, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Mo fi oṣù méjì gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìlà mọ́kànlá péré ni mo rí kọ sílẹ̀ tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni Baba lù ú. Mo padà lọ ní oṣù Kẹrin ọdún 1999 láti bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un lù fún mi ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ti sin ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

N kò dá ọmọkùnrin náà lẹ́bi. Èmi náà ti ṣe ohun tí ó ṣe yẹn ní ọdún mélòó kan ṣáájú, bóyá lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí kò sí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá láti gbà sílẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé: kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Báwo ni ohùn ìsàlẹ̀ ṣe gbé ohùn òkè mì?

Okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá oníbáàsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ó tẹ̀lé e ń gbọ̀n ní ìgbà 55, ẹ̀kẹta ní ìgbà 73, ẹ̀kẹrin ní ìgbà 98. Bí gìtá bá jẹ́ olókùn márùn-ún, okùn ìsàlẹ̀ pátápátá ń gbọ̀n ní ìgbà 31. Etí ọmọ ènìyàn kò já fáfá sí ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí á tó gbọ́ báàsì dọ́gba pẹ̀lú ohùn akọrin, agbára tí a ní láti fi tì í gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti akọrin lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìdí nìyí tí áńpù tí ó tó fún gìtá adárin kò fi lè tó fún báàsì láéláé, bí ó ti wù kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tà á ní ọjà búra tó.

Ẹ̀rọ èyíkéyìí ní òpin agbára rẹ̀. Bí ohùn tí ń bọ̀ láti inú gìtá bá béèrè ju òpin náà lọ, ẹ̀rọ kì í dákẹ́. Yóò gé orí ìgbì ohùn náà dànù, bí ìgbà tí a bá gé ṣóńṣó orí òkìtì kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Òun ni àwọn olórin wa ń pè ní ‘ohùn ń fọ́’. Ṣùgbọ́n ohùn tí a gé lórí kì í jẹ́ ohùn kan ṣoṣo mọ́. Ó ń bí àwọn ohùn mìíràn tí olórin kò ta: ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀, ìlọ́po márùn-ún, ìlọ́po méje, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn tí ó ń gbọ̀n ní 41 yóò wá máa bí 123, 205 àti 287. Àárín ibẹ̀ gan-an ni ohùn ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni ìyáàlù náà ń rìn. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí wọ́n ń kọ́ nípa etí ti fi hàn pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá lágbára a máa bo ohùn òkè mọ́lẹ̀ ju bí ohùn òkè ṣe lè bo ti ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣẹ́gun Baba: báàsì fúnra rẹ̀ bò ó láti ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ tí báàsì bí sì gba ààyè rẹ̀ ní àárín.

Èdè mìíràn lè fara da èyí díẹ̀. Tiwa kò lè fara dà á. Igbá, igba, ìgbà àti ìgbá: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí akọrin bá ń kọrin, kọ́nsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ṣì wà tí olùgbọ́ lè dì mú. Ìyáàlù kò ní ọ̀kan nínú méjèèjì; ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ọ̀rọ̀ ni gbogbo ohun tí ó ní. Ẹni tí ó bá da ohùn mẹ́ta wọ̀nyí rú ti ya ìwé náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń pe báàsì ní àlejò tí ó wá ba ilé jẹ́. A ti ní ohùn ìsàlẹ̀ tiwa kí gìtá tó dé. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, kẹríkẹrì wà níbẹ̀ tí ó ń di ìsàlẹ̀ mú kí ìyáàlù lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Nínú orin ìgboro, agídìgbo ni ó jókòó sí àyè yẹn: àpótí onípákó tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí olórin gbé sí orí ẹsẹ̀ tàbí tí ó fi okùn kọ́ ọrùn. Agídìgbo kò lè pariwo ju bí àpótí rẹ̀ ti tóbi mọ lọ. Ìwà ọmọlúàbí ni igi fúnra rẹ̀ fi kọ́ ọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn olórin jùjú, ní àsìkò kan náà tí gángan àti àwọn ìlù mìíràn ń wọ inú orin náà. N kò gbà pé ó ṣèèṣì bọ́ sí àsìkò kan náà. Gìtá àti ohùn ẹnu ọkùnrin kan kò lè dúró níwájú ìlù gidi láìsí ohun tí yóò gbé e sókè. Ẹ̀rọ ni ó jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Leo Fender gbé gìtá oníbáàsì tirẹ̀ tí ó pè ní Precision Bass jáde ní ọdún 1951, ṣùgbọ́n àwọn áńpù ìgbà náà kò lágbára tó láti gbé e. Nígbà tí ó di ọdún 1967, ilé iṣẹ́ Crown gbé DC300 jáde, áńpù alágbára tí ó ń lo tìràǹsísítọ̀ dípò gílóòbù onígíláàsì. Ní 1969, Ampeg gbé SVT tirẹ̀ jáde, ẹ̀rọ onígílóòbù tí ó ní 300 wáàtì, tí orí rẹ̀ nìkan wúwo ju ọgbọ̀n kílò lọ dáadáa. Láti inú àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀nà méjì ti yà, a sì ṣì ń rìn ín títí di òní: ẹni tí ó fẹ́ ohùn gílóòbù tí ó gbóná tí ó sì kún, àti ẹni tí ó fẹ́ agbára lásán tí kò ní fi ohunkóhun kún ohùn tàbí kí ó yọ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ ọjà wàyí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún yín ni iye wáàtì. Ẹ ṣọ́ra. Wáàtì tí ó ṣe pàtàkì ni èyí tí ẹ̀rọ lè gbé jáde láìdáwọ́ dúró, tí wọ́n máa ń kọ R.M.S. sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin mìíràn wà tí ẹ ó rí lára páálí, P.M.P.O., tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tó ẹgbẹ̀rún méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá rí i, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ iye iná tí ó ń jẹ sí. Ẹ̀rọ tí ó ń jẹ 60 wáàtì láti ara ògiri kò lè máa bì 2,000 jáde láti ẹnu. Nínú gbogbo ìwé àròsọ tí mo ti kà, n kò tíì rí èyí tí ó kúrú tó lẹ́tà mẹ́rin yẹn tí ó sì jinlẹ̀ tó o.

Bí nọ́ńbà náà bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ọ̀nà tí etí ń gbà ka wáàtì yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ń san owó. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, láti 150 sí 300, dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì mẹ́ta péré ni a rí fi kún un. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ná gbogbo owó rẹ̀ lórí áńpù tí kò wo sípíkà ń fi agbọ̀n pọn omi. Sípíkà kan wà tí wáàtì kan ń mú dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 94 jáde lára rẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan; òmíràn wà tí wáàtì kan náà ń mú 100 jáde lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ mẹ́fà yìí túmọ̀ sí pé 100 wáàtì lórí èkejì yóò ṣe iṣẹ́ 400 wáàtì lórí èkíní. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni sípíkà rere dín owó ju áńpù ńlá lọ.

Síbẹ̀, ẹ má ra áńpù tí ó kàn tó. Ẹ ra èyí tí yóò ṣẹ́kù. Báàsì kì í rìn pẹrẹsẹ. Nígbà tí ìka bá kọ́kọ́ fa okùn, agbára tí ó béèrè fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú bíńtín lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ó ń jẹ lẹ́yìn náà. Bí kò bá sí àyè àṣẹ́kù, orí ìgbì yóò máa gé ní gbogbo ìgbà tí olórin bá fa okùn. Àwọn kan gbà pé áńpù kékeré kò lè jó sípíkà ńlá. Ó lè jó o. Ohùn tí a gé lórí títí tí ó fi di onígun mẹ́rin ń gbé agbára tí ó sún mọ́ ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbé nígbà tí ohùn rẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ sì ń di ooru nínú sípíkà. Ní tèmi, fún gbọ̀ngàn bí irú èyí tí a wà yìí, n kò ní ra èyí tí ó kéré ju 300 wáàtì tòótọ́ lọ. Fún gbangba, 500 ni mo lè fi bẹ̀rẹ̀, kódà bí olórin bá ṣèlérí pé òun kò ní yí i ju ìdajì lọ. Pàápàá bí ó bá ṣèlérí.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Ní ọdún 1992 ẹgbẹ́ wa ní áńpù kan àti àpótí sípíkà méjì. A lọ ṣeré níbì kan tí èrò ti pọ̀, mo sì yá àpótí méjì sí i lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, mo so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ áńpù yẹn, ọkàn mi balẹ̀ pé bí sípíkà bá ti pọ̀ tó ni ohùn yóò ti pọ̀ tó. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní ìdènà tí a ń fi óòmù wọ̀n. Mẹ́jọ-mẹ́jọ ni tiwa. Bí a bá so méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdènà kì í di 16. Ó ń di mẹ́rin, nítorí iná ti rí ẹnu ọ̀nà méjì tí yóò gbà jáde. Bí wọ́n bá di mẹ́rin, ìdènà di méjì. Lẹ́yìn áńpù wa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ìdènà má ṣe kéré sí óòmù mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ni mo jẹ́, n kò sì kà á. Ẹ̀rọ náà dún dáadáa gan-an fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ òórùn, tí a rí èéfín, tí ẹni tí ó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fò sílẹ̀ kúrò lórí pèpéle. Owó eré mẹ́rin ni ó lọ sórí tìràǹsísítọ̀ tí a fi tún un ṣe, ẹgbẹ́ sì yọ mí kúrò nípò akápò, èyí tí kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí n tó ka iwájú rẹ̀. Bí áńpù bá ní ojú méjì, tí ẹ sì so ojú méjèèjì pọ̀ kí ó lè di ọ̀kan tí ó lágbára, ẹ rántí pé ojú kọ̀ọ̀kan yóò máa rí ìdajì ìdènà sípíkà náà: óòmù mẹ́jọ yóò dà bí mẹ́rin lójú rẹ̀. Áńpù onígílóòbù ní èèwọ̀ tirẹ̀: ẹ má ṣe tàn án kí ẹ sì máa ta gìtá sí i láìso sípíkà mọ́ ọn, ó lè ba tìràńsífọ́mà rẹ̀ jẹ́. Ti tìràǹsísítọ̀ kì í sábà bìkítà bí kò bá sí sípíkà. Kí wáyà kan má kan èkejì ni ti ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà kò pọ̀: wáyà gìtá àti wáyà sípíkà jọra lójú, ṣùgbọ́n èkíní tín-ín-rín nínú, bí a bá fi so áńpù mọ́ sípíkà yóò gbóná.

Gbogbo èyí ni àwọn ìwé òkèèrè ń sọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni iná tiwa. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ fún 230 fóltì. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, 180 lè jẹ́ ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Áńpù olótìràńsífọ́mà tí kò ní ohun tí ń dá iná dúró sójú kan kò ní kàn dín díẹ̀; agbára rẹ̀ ń dín ní ìlọ́po ara rẹ̀. Bí fóltì bá di ìdá méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, agbára yóò di nǹkan bí ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta. Áńpù 300 tí ẹ rà ti di nǹkan bí 184 kí olórin tó fọwọ́ kan okùn. Mo gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Baba ní 1998 nìyẹn, tàbí apá kan nínú rẹ̀. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni wọ́n so gbogbo ẹ̀rọ mọ́, pẹ̀lú gílóòbù òde àti fìríìjì ọlọ́tí. Ti jẹnẹrétọ̀ ní ewu mìíràn: bí ẹnìkan bá yọ ẹrù ńlá kúrò lára rẹ̀ lójijì, fóltì lè fò sókè. Nítorí náà, ẹ má tan áńpù títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi balẹ̀, kí ẹ sì pa áńpù kí ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀.

Eruku ọyẹ́ náà ń bẹ. Fáànù tí ó wà nínú áńpù ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń fa eruku pẹ̀lú rẹ̀, eruku yóò sì bo irin tí ó yẹ kí ó máa tu ooru jáde. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ṣí i kí ó sì gbọn ún. Ọ̀tá tuntun kan tún ti yọjú tí kò sí nígbà tiwa: àwọn tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí gbọ̀ngàn. Ojú áńpù kò dára lójú wọn, wọ́n á sì fi aṣọ olówó ńlá bò ó pátápátá kí ó lè bá àwọ̀ àga mu. Mo ti yọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí áńpù lẹ́ẹ̀mejì, níwájú ìyá ìyàwó.

Irú áńpù tuntun kan wà tí wọ́n ń pè ní Class D. Kì í fa agbára bí ti àtijọ́; ṣe ni ó ń tàn tí ó sì ń kú, ju ìgbà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ọ̀pọ̀ wọn, ooru tí ó ń ṣòfò sì kéré púpọ̀. Kílò mẹ́ta lè gbé 500 wáàtì. Ẹ̀yìn mi tí ó gbé áńpù 1991 ń kí àwọn tí wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún lè gba iná láti 100 dé 240 fóltì láìjẹ́ pé agbára wọn dín ní pàtàkì, èyí tí ó jẹ́ oògùn gidi fún àìsàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, àwọn ohun inú rẹ̀ kéré bí èso gbọ̀rọ̀, wọ́n sì so mọ́ ara wọn tímọ́tímọ́. Alátùn-únṣe tí ó mọ tìràǹsísítọ̀ àtijọ́ bí ẹní mọ ojú ọmọ rẹ̀ yóò ní kí ẹ ra odidi pátákó rẹ̀ láti òkèèrè. Ibi tí ọkàn mi wà ni pé: fún gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ kò ní kúrò níbẹ̀, áńpù wúwo olótìràǹsísítọ̀, kódà kí ó jẹ́ àlòkù, pẹ̀lú sítẹ́bíláísà tí ó tóbi jù ú lọ, fún ẹgbẹ́ tí ń rìnrìn-àjò, ti tuntun tí ó fúyẹ́, kí wọ́n sì fi èkejì sínú ọkọ̀ bí agbára wọ́n bá ká a. Ẹ̀rọ tí a lè tún ṣe ní Mọ́kọ́lá sàn ju èyí tí ó dára jù ú lọ tí a kò lè tún ṣe níbì kankan.

Bí ẹ bá ń lọ sí Alábà tàbí ọjà mìíràn, ẹ gbé gìtá yín àti àpótí sípíkà tiyín lọ. Ẹ tan áńpù láìso gìtá mọ́ ọn, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń kùn. Ẹ wo fíùsì rẹ̀: bí wọ́n bá ti fi wáyà lásán di ojú rẹ̀, ẹ má bá wọn dúnàádúrà, ẹ kí wọn kí ẹ máa lọ, nítorí ẹ̀rọ náà ti kú rí. Ẹ ta á fún wákàtí kan gbáko, kí i ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tí ó ń tà á yóò máa kánjú yín. Ẹ ní kí ó jókòó.

Ìgbìmọ̀ tí yóò ra ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ eré ẹ̀ka wa yóò jókòó ní ọ̀la, mo sì wà lára rẹ̀. Ìwé tí ó wà níwájú wa dábàá áńpù ńlá kan tí yóò gbé gbogbo nǹkan pọ̀: báàsì, ohùn akọrin, ìyáàlù. Ó dín owó, n kò jiyàn. Èmi yóò sọ níbẹ̀ pé kí á ya báàsì sọ́tọ̀ sí áńpù tirẹ̀, kí á sì fi áńpù mìíràn tí ó kéré gbé ìlù àti ẹnu, nítorí bí báàsì bá fọ́ nínú áńpù kan ṣoṣo, gbogbo wọn ni yóò bá a fọ́. Bí owó kò bá tó, kí á ra ti báàsì ní ọdún yìí kí á sì dúró de ọdún tí ń bọ̀. Mo ti mọ àwọn tí yóò takò mí. Wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí; mo sì dúpẹ́ pé wọ́n wá.

Ní ọdún tí ó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà gba kásẹ́ẹ̀tì 1998 náà lọ́wọ́ mi. Ó fi ẹ̀rọ gé gbogbo ohùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ 100 dànù. Báàsì fúnra rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀, 123 àti 205 àti 287, kò lọ, nítorí inú ohùn Baba ni wọ́n ń gbé. Ìlà mẹ́ta ni a tún rí. Ó di mẹ́rìnlá. Nínú ìkẹtàlá, Baba pe orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò mọ̀ mọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́ kí báàsì tó wọlé padà.